Dúdú Ni Gbogbo Wáyà Rẹ̀

Nígbà tí Ìyá Wáyà dé ṣọ́ọ̀bù ní aago méje àárọ̀, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ò sí lábẹ́ tábìlì mọ́. Inú búùtù ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ti bá a. Wọ́n ti fi okùn dì í, wọ́n tiẹ̀ tún fi aṣọ bò ó, àfi bí ẹni pé òkú ni wọ́n fẹ́ gbé jáde. Ìyá ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Ó tú okùn náà, ó gbé àpótí lé èjìká, ó sì gbé e padà síbi tó ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àpótí yẹn wúwo. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé orúnkún ń dun ìyá yẹn, kó lọ gbé e wò.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

“Màámi, ṣebí a ti jọ sọ ọ́ tán lánàá?”

“Ìwọ lo sọ ọ́. Oúnjẹ ni èmi ń jẹ ní tèmi.”

“Mo ti kan ìsọ̀ kékeré kan fún yín síwájú ilé. Ibi atẹ́gùn ni. Ẹ máa jókòó, ẹ máa ta ṣúgà, ẹ máa ta ọṣẹ.”

“Ṣúgà? Èmi? Ọmọ tí mo fi iṣẹ́ wáyà tọ́ dàgbà ló fẹ́ kí n máa ta ṣúgà.” Ìyá fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà wọ abẹ́ tábìlì dáadáa. “Bí o bá ń lé mi, sọ pé ò ń lé mi. Má fi ṣúgà bò ó.”

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín, nítorí ìyá yẹn ò ní sọ ọ́. Kì í ṣe orúnkún. Ojú ni. Ó ti tó ọdún méjì tí àwọ̀ ti ń sá lọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pupa àti búráùn ló kọ́kọ́ di ọ̀kan náà, lẹ́yìn náà ló kan búlúù àti àwọ̀ ewé. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, kí wọ́n máa tọ́jú èyí tó kù. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Rìwáyà ni, iṣẹ́ iná mọ́tò ló ń ṣe, àwọ̀ wáyà sì ni ìwé tí àwọn rìwáyà ń kà. Báwo ni irú wọn ṣe máa sọ fáráyé pé òun ò mọ pupa mọ́? Ó wá ń dọ́gbọ́n sí i. A máa ní kí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ na wáyà pupa sí òun, bí ẹni tó ń ṣe ọ̀gá lásán. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ títí di oṣù tó kọjá, tó so pupa mọ́ búráùn nínú takisí kan, tí èéfín sì yọ lábẹ́ sítíárìn. Ọ̀gá Kékeré ló sáré já wáyà bátìrì.

Ọmọ náà ò pariwo. Ó sọ fún àwọn ará ọgbà pé orúnkún ló ń yọ ìyá òun lẹ́nu. Kì í ṣe ọmọkọ́mọ rárá. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù iná, ta ni ò ní bẹ̀rù iná? Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó bá ń di àpótí ẹni lókùn, Ìyá Wáyà ò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọkọ̀ sójà kan ló ń wọ ọgbà bọ̀, táyà rẹ̀ ga tó igbá àyà ènìyàn. Tíṣà ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín. Ọ̀gá ilé-ìwé ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ilé, òun lọ síbi tí àwọn ológun ti ń lu ohun tí wọn ò lò mọ́ ní gbàǹjo, ó ra ọkọ̀ tó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ, láti máa fi kó búlọ́ọ̀kù. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò ka ìyẹn sí. Ó ra ọ̀dà àwọ̀ ewé, ó kun ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, lókè, nísàlẹ̀, títí dé ibi tí ojú oòrùn ò lè dé láéláé.

“Ọ̀gá Kékeré, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o!” Tíṣà ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tó ti ń fọhùn. “O ní bátìrì ni, mo ra bátìrì, méjì, nítorí ọ̀kan ò tó o. O ní súwíìṣì iná ni, o pààrọ̀ súwíìṣì. Lánàá, ní ìrọ̀lẹ́, mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú igba búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì. Gbogbo iná kú! Tiwájú, tẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀! Bíréèkì mú, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí mò ń lọ. Nígbà tó yá, iná tún tàn fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi mí ṣeré.”

“Ẹ má bínú, Tíṣà. Wáyà rẹ̀ ló ti gbó. Màá tú gbogbo ẹ̀ dànù, màá fa tuntun, èyí tó ní àwọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kí n máa fi orí ru búlọ́ọ̀kù nìyẹn?”

“Ẹ fún mi di ọ̀sán,” ni Ìyá Wáyà wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Pánẹ́ẹ̀lì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tó ń fi òòlù tún ilẹ̀kùn mọ́tò kan ṣe, dá òòlù dúró sókè.

“Màámi, orúnkún yín ńkọ́?”

“Orúnkún kọ́ ló máa wá a.” Ìyá gbé ohùn sókè kí ọgbà lè gbọ́. “Ọ̀gá Kékeré, bí oòrùn bá fi dé àtàrí tí mi ò tíì rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, èmi fúnra mi ni màá gbé àpótí mi sínú búùtù rẹ, màá sì jókòó ti ṣúgà rẹ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi okùn kan àpótí mi mọ́.”

“A gbọ́ o, Ìyá Wáyà!” ni pánẹ́ẹ̀lì wí. Irú ọ̀rọ̀ báyìí dùn mọ́ ọn ju iṣẹ́ lọ.

Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Dúdú ni gbogbo wáyà ọkọ̀ yẹn. Gbogbo ẹ̀ pátá. Èmi tí mo ríran, mo sọnù síbẹ̀.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Àwa méjèèjì ti dọ́gba nìyẹn.”

Àwọn rìwáyà ìsinsìnyí, kí ọkọ̀ tó dúró tán, wọ́n ti mú púláyà jáde. Ìyá Wáyà kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ tí kò bá tíì gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó, ó ní kí Tíṣà tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé iná máa ń kú bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò? Rárá. Bó bá ń gun òkè ńkọ́? Rárá. Àfi tí òun bá tẹ bíréèkì. Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó padà? Tíṣà ní òun ka ení, èjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún. Ta ló wá pààrọ̀ fíúsì? Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ fíúsì kankan.

“Fíúsì tó bá ti jó kì í jíǹde,” ni Ìyá wí, ó sì dìde.

Ó gun orí ọkọ̀ náà, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní kí gbogbo ènìyàn pa ẹnu mọ́. Tíṣà tan iná. Ìyá ní kó tẹ bíréèkì. *Tà!* Nǹkan kékeré kan ta lábẹ́ ìka rẹ̀, gbogbo iná sì kú. Tíṣà gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ìyá ń kà lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó ka mẹ́tàdínlógún, *tà!* Iná padà.

“O gbọ́ ọ?” ó bi ọmọ rẹ̀.

“Mo gbọ́ ọ nísinsìnyí.” Ojú tì í díẹ̀. “Mo máa ń tan rédíò tí mo bá ń ṣiṣẹ́.”

“Àwọn ológun ò fi fíúsì tó ń jó síbí. Níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, ta ló fẹ́ dúró pààrọ̀ fíúsì? Nǹkan tí wọ́n fi síbẹ̀, bí iná bá pọ̀ jù, á gbóná, á já fúnra rẹ̀. Bó bá tutù, á tún so. Kò sẹ́ni tó ń fi Tíṣà ṣeré. Wáyà iná bíréèkì ló ń kan irin níbì kan.”

Níbì kan, lára ọkọ̀ tó gùn ju ilé ẹlòmíràn lọ. Nínú mọ́tò ilé, àwọ̀ ló ń sọ ẹni tí wáyà jẹ́. Nínú èyí, gbogbo wọn ló wọ aṣọ kan náà bí àwọn sójà tó ni wọ́n. Ọ̀gá Kékeré tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀, ó mi orí. Ìyá rẹ̀ ò wò ó rárá. Ó mú wáyà kan nídìí ẹsẹ̀ bíréèkì, ó ń fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ lọ títí ó fi kan òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó há mọ́ ọn lára, tí ọ̀dà Tíṣà ti bò mọ́lẹ̀. Ó fi èékánná ha á. Ó fi abẹ ha á. Lábẹ́ ọ̀dà náà, nǹkan ga díẹ̀, bí ìlà ara owó ẹyọ.

“Méje,” ó wí. Ó tún fi ọwọ́ ra á. “Márùn-ún.”

Ọmọ rẹ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Méje àti márùn-ún ni wọ́n lù sára òrùka náà lóòótọ́. Ọ̀gá Kékeré fi ìka tirẹ̀ náà kàn án. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn, ọ̀dà nìkan ló ń rí.

“Sójà wo ni kò ní nọ́ńbà?” ni Ìyá wí. “Èyí tó ti ẹsẹ̀ bíréèkì jáde ni méje-márùn-ún. Òun la máa tẹ̀ lé.”

“Àbí mo kùn ún jù ni?” Tíṣà béèrè láti òkè.

“Tíṣà, ẹ kùn ún bí ẹni ń rẹ́ ilé.”

Ó ní kí wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn. Níbi tí wáyà bá ti so pọ̀ nínú rọ́bà, á fà á yọ, á ní kí Tíṣà tẹ bíréèkì. Bí kò bá ta, a jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni aṣebi náà wà. Á so ó padà, á tún sún sẹ́yìn. Ní ibi àkọ́kọ́, kò ta. Ní ìkejì, kò ta. Eruku bọ́ sí i lójú, ó ní kò sí ohun tí eruku máa rí jí níbẹ̀. Nígbà tó dé ìdí ọkọ̀, ó yọ wáyà iná apá òsì. *Tà!* Ó yọ ti apá ọ̀tún pẹ̀lú. *Tà!*

Iná méjèèjì ti kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ ó ń ta. Àwọn tó ń wòran bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Oòrùn ti ń gbóná lórí páànù. Ọ̀gá Kékeré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Màámi, ẹ jẹ́ kó tó báyìí. Ẹ ti gbìyànjú.”

“Lọ wo òjìji ara rẹ. Ṣé ó ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ?”

“Kò tíì wọ̀ ọ́.”

“Kúrò níwájú mi nígbà náà.”

Ẹ̀rù bà á, ká má purọ́. Ó rí ìsọ̀ ṣúgà yẹn lọ́kàn rẹ̀ kedere, ju bó ṣe ń rí irin tó wà lókè imú rẹ̀ lọ. Inú bí i sí i. Ó fi ìbínú náà tún fọwọ́ ra gbogbo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ibẹ̀ ló sì ti kan ẹ̀ka kẹta tó lọ sáàárín gbùngbùn ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí àwọn ológun máa ń so ọkọ̀ àfàtẹ̀lé mọ́. Wọ́n ti yọ ibi ìsomọ́ náà kí wọ́n tó ta ọkọ̀. Wáyà rẹ̀ yẹ kó máa rọ̀ lófìfo ni. Kò rọ̀. Ẹnì kan ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ irin, ó le dan-in dan-in, iṣẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ìka Ìyá gùn ún lọ sókè, ó kan tẹ́ẹ̀pù. Tẹ́ẹ̀pù náà yí po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ká etí rẹ̀ padà sínú, kí ẹni tó bá fẹ́ tú u lọ́jọ́ iwájú lè rí ibi mú.

Nínú gbogbo ọgbà yẹn, ènìyàn méjì ló ń ká etí tẹ́ẹ̀pù. Òun ni ọ̀kan, òun ò sì dé abẹ́ ọkọ̀ yìí rí.

Inú rẹ̀ dùn. Àtàrí ò tíì gba oòrùn, ó ti rí i. Lẹ́yìn náà ni inú náà bà jẹ́, nítorí bí òun bá jáde lọ wí i, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n máa fi ọmọ òun ṣe títí ọdún á fi yí po.

“Ọ̀gá Kékeré, wọlé wá. Ìwọ nìkan.”

Ọmọ rẹ̀ wọ́ wọlé. Ìyá mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé tẹ́ẹ̀pù náà. Ó jẹ́ kí ìka ọmọ náà rìn ín dé òpin.

“Yéè,” ni Ọ̀gá Kékeré wí lábẹ́ ẹ̀mí. “Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wá ni. Wáyà náà ń rọ̀ dirodiro. Mo rò pé ẹ́ẹ̀tì tó já ni, èyí tó máa ń wọ ara irin ọkọ̀, mo bá dè é mọ́ irin.”

“Kí ló sọ fún ọ pé ẹ́ẹ̀tì ni?”

“Dúdú ni, Màámi.” Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ ní dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, irin ọkọ̀ ló ń lọ, kí n má ronú sí i. Mo bi yín pé kí ló dé. Ẹ fi púláyà gbá mi níka.”

Ìyá ò rántí ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó rántí púláyà, ó sì mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dùn ún ju èéfín takisí lọ.

“Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìpẹtà ni,” ni ọmọ náà wí. “Ẹ ti borí. Ẹ máa padà sídìí iṣẹ́ yín, èmi náà ò sì ní sọ nǹkan kan. Kí ló kàn wọ́n?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí o. Irọ́ orúnkún fún ìyá, irọ́ ìpẹtà fún ọmọ, kí kálukú máa lọ ní àlàáfíà.

“Rárá,” ni Ìyá wí. “Irọ́ orúnkún yẹn ti tó mi. Inú búùtù ọkọ̀ ló gbé àpótí mi dé. Fún mi ní sípánà. Tó o bá fẹ́, sọ tìrẹ. Èmi máa sọ tèmi.”

Ó tú nọ́ọ̀tì, ó fi tẹ́ẹ̀pù di ẹnu wáyà náà, ó sì ká etí rẹ̀. Wọ́n so iná ẹ̀yìn padà, wọ́n jáde. Tíṣà tẹ bíréèkì. Kò ta. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń jó. Iná ò kú. Ọgbà hó yèè.

“Kí ló ṣe é?” Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. “Ta ló ṣe é?”

Ọ̀gá Kékeré ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún títí kò fi sí ohun tó kù láti nù. “Èmi ni, Tíṣà. Mo de wáyà iná mọ́ irin. Bátìrì àti súwíìṣì yẹn, kò sóhun tó ṣe wọ́n.”

Ẹ̀rín Tíṣà gbẹ. “Ìwọ! Lórí òkè yẹn, pẹ̀lú igba búlọ́ọ̀kù—”

“Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ bú,” ni Ìyá dá sí i. “Èmi ni mo kọ́ ọ pé dúdú ni ẹ́ẹ̀tì. Ó bi mí ní ìdí rẹ̀, mo lù ú. Ẹ̀yin náà kọ́ ọmọ rí, Tíṣà. Ẹ̀yin ò lu ọmọ tó béèrè ìdí rí?”

Tíṣà yíjú padà sí sítíárìn.

Ìyá lọ sẹ́yìn ọkọ̀. “Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú iná náà, ó dúró títí ó fi móoru. Ó wá pe ọmọ rẹ̀, ó sì pè é kíkan. “Àwọ̀ wo ló ń tàn?”

Ọ̀gá Kékeré wò ó. Ó mọ ohun tí ìbéèrè yẹn máa ṣe. “Màámi…”

“Mo ní àwọ̀ wo? Sọ ọ́ sókè.”

“Pupa ni, Màámi.”

“Ẹ gbọ́ ọ. Èmi ò rí pupa mọ́. Ó ti tó ọdún méjì. Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan. Takisí oṣù tó kọjá, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ún. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọwọ́ mi, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbòmíràn, mi ò ní bínú. Ẹni tó bá dúró, èmi máa wá ibi tó ti bàjẹ́, ọmọ mi á wo àwọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lọ sílé.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ti ń dúró láti àárọ̀ ní, “Ìyá, ẹ má bínú o,” ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ. Ìyá ò yíjú. Obìnrin kan tó ń fi ọkọ̀ pín búrẹ́dì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló kù, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti ń ké láti ìgbà tó ti wọlé.

“Tèmi, họ́ọ̀nù ló ń dún fúnra rẹ̀,” ni obìnrin náà wí. “Ó ti fẹ́ ya mí ní wèrè. Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin méjèèjì.”

Ọ̀gá Kékeré ṣí bọ́néẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀. “Mẹ́ta ló wà níbí, Màámi. Pupa kan, búráùn kan, dúdú kan.”

“Dúdú yẹn, ẹ́ẹ̀tì ni?”

Ọmọ náà fẹ́ dáhùn, ó dúró. “Mi ò mọ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e gba ẹ̀yìn?”

Ìyá Wáyà fi gílóòbù ìdánwò rẹ̀, èyí tó máa ń tàn bí iná bá wà nínú wáyà, lé e lọ́wọ́. “Yẹ̀ ẹ́ wò,” ó wí, ó sì dúró tì í títí ó fi yẹ̀ ẹ́ wò tán.